Ta Ni Baálé Àwọn Powell?

Agboolé Ọládòṣù,
Abà Òkè-Ọṣẹ,
Ọ̀nà Ìkirè.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, 1988.

Olúbùsọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́ o. Ìyá rẹ kí ọ, Baba Ṣàngótúndé mọ́gàjí wa kí ọ, àní ewúrẹ́ dúdú tí o fi sílẹ̀ ní kékeré náà kí ọ, ó ti di ìyá àgbà báyìí ṣùgbọ́n kò tíì fi olè jíjà sílẹ̀. Ṣé òtútù Manchester ti ń jáwọ́ lára rẹ? Ọlọ́run tó ń pa eku mọ́ nínú ihò rẹ̀ lásìkò òjò ni yóò máa pa ọ́ mọ́ nínú yàrá rẹ ní Rusholme. Bí o ṣe ń tọ́jú àwọn aláìsàn nínú ilé ìwòsàn yẹn, àìsàn kò ní mọ ilé rẹ. Àmín. Ara tèmi le, àfi orúnkún òsì tó máa ń sọ fún mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Àwọn ará abà ti fi rédíò sílẹ̀, orúnkún mi ni wọ́n ń wá bi láàárọ̀.

Mo mọ̀ pé ìdáhùn kan ṣoṣo lò ń wá, o sì ti fẹ́ máa fo ọ̀rọ̀ kiri nínú lẹ́tà yìí kí o lè rí i. Má fò ó. Jókòó. O ní Philip Powell, ọmọ ilẹ̀ Wales, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìṣirò, ni o fẹ́ fẹ́. O ní àwọn rẹ́jísírì ti fún yín ní ọjọ́ nínú oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n bí ẹbí rẹ kò bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, o kò ní fọwọ́ sí ìwé kankan. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo ní kí ìyá rẹ wá gbọ́ ọmọ tí ó bí, ó sì ní òun nìkan kọ́ ló bí i.

O rántí ohun tí Baba Ṣàngótúndé kọ́kọ́ sọ. Wọ́n ní ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ, ilé náà la ó wò ká tó fi ọmọ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ òyìnbó. Wọ́n ní kí n béèrè pé kí ni ìtumọ̀ Powell, ta ni baba ńlá wọn, kí ni wọn kì í jẹ, ṣé wèrè kò sí nínú wọn, ṣé ẹni tó ń na ìyàwó kò sí nínú wọn.

O dáhùn ti ìtumọ̀ orúkọ dáadáa. O ní Philip ní ní èdè ilẹ̀ wọn, ap ni ọmọ, àti pé ap Hywel ni wọ́n ń sọ láyé àtijọ́ kí ẹnu tó rún méjèèjì pọ̀ tó di Powell. Ọmọ Hywel nìyẹn. O ní Hywel fúnra rẹ̀ ni ẹni tó yọ gedegbe láàárín ẹgbẹ́. Baba Ṣàngótúndé ní orúkọ gidi ni, orúkọ ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n Hywel ọ̀hún wá dà? Kí ló dé tí kò fi kọ̀wé sí wa fúnra rẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbéyàwó?

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé o ní orúkọ bàbá kì í dúró lójú kan lọ́dọ̀ wọn nígbà náà. Ọmọ Hywel á jẹ́ ọmọ Hywel, ọmọ tí òun náà bá bí á tún jẹ́ orúkọ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí tí àwọn akọ̀wé ìjọba fi dé tí wọ́n ní kí kálukú dúró síbi tó bá a. Háà! Ṣebí bí àwa náà ṣe ń ṣe nìyẹn? Èmi ni Oyèníran ọmọ Ọládòṣù. Nígbà tí mo mú ọ lọ sílé ìwé, tíṣà béèrè pé ọmọ ta ni, mo ní ọmọ Oyèníran ni, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, akọ̀wé rẹ́jísírì tó ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kí ló dé tí ìwọ ń jẹ́ Oyèníran tí bàbá rẹ ń jẹ́ Ọládòṣù, sọ fún un pé èmi ló yẹ kí n bi í: bí ọmọ mi kò bá jẹ́ orúkọ mi, ṣé tirẹ̀ ni kó jẹ́? Mo ti kọ ìran wa sí ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́, láti orí Ọládòṣù lọ sókè, mo sì kọ ọ́ yí etí ìwé ká nígbà tí àyè tán. Wọ́n fi àpótí kékeré kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ tí Tíṣà Adéṣínà, tó ń bá wa ka Gẹ̀ẹ́sì, ní wọ́n kọ sí i pé kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ibẹ̀ ló mọ́ jù, mo bá kọ orúkọ ìyá mi síbẹ̀. Ó yẹ wọ́n.

Ìwádìí ló wá kù. Rasheed, ọmọ àbúrò ìyá rẹ tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì yín, mo kọ̀wé sí i ní Hulme níbi tó ń gbé pé kó lọ wádìí ilé Powell fún wa. Bóyá ìdánwò ló ká a mọ́ ni o, bóyá ìmẹ́lẹ́ ni o, n kò mọ̀. Ó ya ìwé kan nínú ìwé ńlá tó wà nínú àpótí tẹlifóònù ní Stockport Road, ó kọ ọ́ sí etí rẹ̀ pé, “Bàbá, àwọn Powell Manchester rèé,” ó sì fi ránṣẹ́. Kò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bùsọ́lá, ẹ̀rù bà mí. Powell ló bẹ̀rẹ̀ lókè, Powell ló parí nísàlẹ̀. Ẹbí kóra jọ, Tíṣà ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ìran nínú Bíbélì, àwa náà ń ṣe “hẹn” sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ ní agboolé tó tóbi tó báyìí, ìgbà wo ni ìyàwó tuntun yóò kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn tán láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́? Tíṣà ní nọ́ńbà tẹlifóònù ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Baba Ṣàngótúndé ro ó títí, wọ́n ní: gbogbo ojúlé nínú agboolé kan ṣoṣo ló ní tẹlifóònù tirẹ̀? Ṣé wọ́n ń bínú síra wọn ni?

Ó di dandan kí á mọ baálé wọn. Mo wo ìwé náà dáadáa, ẹni tó wà lókè pátápátá ni Powell A., wọ́n sì kọ títì àti nọ́ńbà ilé rẹ̀ síbẹ̀, ní Longsight. Ẹni tí a bá kọ́kọ́ dárúkọ, àgbà ni. Mo ní kí Tíṣà bá mi fi Gẹ̀ẹ́sì kọ lẹ́tà sí Baálé Agboolé Powell. Mo kí i kú ìṣàkóso, mo béèrè Hywel, mo béèrè gbogbo ohun tí ẹbí ní kí n béèrè, mo sì kọ ilé ìwé tí Philip ti ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀, kí ó lè mọ èwo nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni mò ń sọ. Mo fi ẹyọ obì kan sínú lẹ́tà náà, torí a kì í lọ kí baálé lọ́wọ́ òfo.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èsì dé.

Baálé kọ́ ló kọ ọ́. Ìyá àgbà kan ni, Theresa lorúkọ wọn. A. tó wà nínú ìwé yẹn ni Albert, ọkọ wọn, tó ti kú láti ọdún mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn kò jẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, nítorí ó dára láti máa rí i níbẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n fi fọ́tò sí i. Bùsọ́lá, ìyá náà dúdú bí èmi. Jamáíkà ni wọ́n ti wá, wọ́n sì fi ọgbọ̀n ọdún fọ aṣọ nínú ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì.

Wọ́n ní àwọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn, pé ẹnikẹ́ni kò pe àwọn ní baálé rí ní Longsight. Wọ́n ní àwọn Powell inú ìwé yẹn kì í ṣe ẹbí kan náà, púpọ̀ nínú wọn kò mọ ara wọn rí. Tíṣà ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún Baba Ṣàngótúndé. Wọn kò gbà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá dáhùn ìbéèrè mi. Wọ́n ní baba ńlá ọkọ àwọn, ẹrú ni, nínú oko ìrèké ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Powell, orúkọ ẹni tó ra èèyàn ni wọ́n sì fi ń pe ẹni tí wọ́n rà. Wọ́n ní, “Orúkọ wa ń sọ pé ọmọ Hywel ni wá, ṣùgbọ́n Hywel kọ́ ló bí wa. Ẹ béèrè ta ni baba ńlá wa, ẹ tún béèrè kí ni a kì í jẹ. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí, kò sẹ́ni tó bi mí rí. N kò mọ̀ ọ́n.”

Tíṣà dúró níbẹ̀. Baba Ṣàngótúndé ṣí fìlà wọn. Ìyá rẹ dìde, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó ní èéfín ni, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó dáná.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní nígbà tí obì já bọ́ láti inú lẹ́tà mi, àwọn mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ìyá ìyá wọn ní Jamáíkà máa ń rin ín, á sè é, á fún ọmọ tí inú ń run mu. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí ìlú òyìnbó, wọn kò tíì mú un lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tó fi nǹkan ìyá ìyá àwọn ránṣẹ́ sí àwọn, ó yẹ kí àwọn jíṣẹ́ fún un. Wọ́n bá wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n lọ dúró de Philip lẹ́nu géètì ilé ìwé, wọ́n sì bi í ní gbogbo ìbéèrè mi bí mo ṣe kọ ọ́.

Ti ẹni tó ń na ìyàwó, ó ní kò sí. Ti wèrè, ó ní ó wà, àbúrò bàbá òun kan tó máa ń kó àgùntàn wọ yàrá nígbà òtútù. Inú mi dùn pé kò fi pamọ́. Ó ní Hywel ti kú láti bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Jọ̀ọ́, bá mi kí Philip kú ará fẹ́ra kù, a kò tètè gbọ́ ni.

Ìyá Theresa wá sọ ọ̀rọ̀ oko ìrèké yẹn fún un. Wọ́n ní ojú rẹ̀ làwọn ń wò, bóyá yóò jiyàn, bóyá yóò ní àwọn tòun kọ́ nìyẹn. Kò jiyàn. Ó ní láti kékeré lòun ti ń fi ìtumọ̀ orúkọ náà yangàn, òun kò mọ̀ pé ó ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ó gbé báàgì wọn, ó sìn wọ́n dé ìdí bọ́ọ̀sì ní Wilmslow Road. Bọ́ọ̀sì pẹ́, òjò ń pa á, kò lọ títí tí wọ́n fi wọ ọkọ̀. Bí kò bá tíì sọ ọ́ fún ọ, fi í sílẹ̀, yóò sọ ọ́.

Sátidé tó kọjá ni ẹbí jókòó. Baba Ṣàngótúndé ní àwọn ti gbọ́ ire orúkọ náà, àwọn ti gbọ́ ibi rẹ̀, ọmọ náà kò sì sá fún èyíkéyìí, kí ni a tún ń wá? Wọ́n ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà gadagba: BẸ́Ẹ̀ NI. A fi ọ́ fún Philip ọmọ Hywel.

Ṣùgbọ́n èmi àti ìyá rẹ kò lè wá, n kò sì fẹ́ kí àga wa ṣófo. Ìyá Theresa ni kó jókòó síbi tó yẹ kí ìyá rẹ jókòó. Má jẹ́ kí wọ́n jókòó sọ́dọ̀ àwọn Powell o, ọ̀dọ̀ wa ni. Kí Philip dọ̀bálẹ̀ fún wọn, kó gbá àyà mọ́lẹ̀ dáadáa, Rasheed lè kọ́ ọ, ó kéré tán kó ṣe ìyẹn. Bí akọ̀wé bá tún béèrè pé báwo ni Powell ṣe di ará ilé ìyàwó, sọ pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ni wọ́n. Bí ó bá ní kí o kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù, kọ ọ́.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún sítáǹbù, nítorí Baba Ṣàngótúndé ní kí n kọ̀wé sí gbogbo Powell tó kù nínú ìwé yẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà ní a kò kí òun. Ẹni tó bá ń bọ̀ nílé ni kí o fi rán. Ti báǹkì ti sú mi. Níjọ́sí, mo ní kí wọ́n fún mi ní owó tí ọwọ́ rẹ kàn gan-an, wọ́n ní ó ti dà pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn. Bí wọn kò bá lè tọ́jú owó ọmọ ẹni lọ́tọ̀, kí ni wọ́n ń fi gbogbo irin yẹn ṣe?

Ilé tí o ń kó lọ yóò gbà ọ́. Ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ni wàá fi gbé tìrẹ. Ọjọ́ tí o bá bímọ, orúkọ yóò pọ̀ dé ibi tí ẹ ó ti máa ṣà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oyèníran ọmọ Ọládòṣù.

Mo fẹ́ gbàgbé. Baba Ṣàngótúndé ní kí o jẹ́ iṣẹ́ kan fún Ìyá Theresa. Sọ fún wọn pé nínú ẹbí Ọládòṣù, a kì í jẹ òkété. Láti òní lọ, àwọn náà kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Rasheed ti kọ̀wé sílé rí pé kò sí òkété ní ọjà Longsight, nítorí náà kò ní ni wọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá tún bi wọ́n, kí wọ́n rí nǹkan sọ.