Bébà Ara Ẹ̀rọ Omi Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Olówó orí mi,

Mo ti lọ ṣe ìdánwò ọ̀gá yàrá ìfọṣọ. Bébà tí ẹ yọ lára ẹ̀rọ omi láàárọ̀, tí ẹ fi nu abẹ, ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì mi ni, "run" ni mo kọ sí i. Mo ti lẹ òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. "Run" kan ṣoṣo ni òyìnbó ń lò bí omi bá ń ṣàn, bí àwọ̀ aṣọ pupa bá ràn mọ́ funfun, bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, bí èèyàn bá ń darí ibi iṣẹ́. Mo mọ gbogbo rẹ̀ bí ẹní mowó.

Ẹ má bínú pé mo jágbe mọ́ yín nígbà tí irùngbọ̀n yín ṣì ku ẹ̀gbẹ́ kan. Oúnjẹ wà nínú ìkòkò.

Ẹ má wulẹ̀ gbàdúrà fún mi mọ́, Olúwa ti gbọ́. Ẹni tó máa bi mí ní ìbéèrè ni kí ẹ gbàdúrà fún.