Ẹ̀bẹ̀ Pé Kí Wólé-Wólé Má Kọ̀wé Ṣáájú Kí Wọ́n Tó Wá Wo Eku Ilé Wa

Yàrá Kẹta, Ilé Alágbàdo,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ọjà.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 2019.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìmọ́tótó Àyíká,
Ilé Iṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÀPÒ ÀGBÀDO, ÀÀTÀN ÀTI EKU INÚ ILÉ WA

Aránṣọ ni mí, mo sì háyà yàrá nínú ilé tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà lókè yìí. Bàbá Onílé wa ń ta àgbàdo. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń to àpò rẹ̀ sí, ààtàn sì wà gbalasa lẹ́yìn fèrèsé wa. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ọ́. Tiwa ti lanu, eku ló wọlé, wọ́n sì sanra ju àwa ayálégbé lọ.

Lóṣù tó kọjá, ẹ kọ̀wé sí Bàbá Onílé pé àwọn wólé-wólé yín ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá Onílé pín àpò àgbàdo fún àwa ayálégbé bí ẹni ń pín ogún. Mẹ́rin bọ́ sábẹ́ ibùsùn mi. Ó fi ọ̀rá dúdú ńlá bo ààtàn, ó to ìkòkò òdòdó lé e lórí.

Àwọn wólé-wólé yín dé, wọ́n yìn wá, wọ́n tilẹ̀ ya fọ́tò níwájú òdòdó. Ọ̀rá ń mì lẹ́yìn wọn. Bàbá Onílé ní afẹ́fẹ́ ni. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ewé kan kò mì lórí igi lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n lọ, àpò padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Eku kò bá a padà. Abẹ́ ibùsùn mi ti tù wọ́n lára. Wọ́n ń tọ̀ sórí aṣọ oníbàárà. Mo fẹjọ́ sùn. Bàbá Onílé ní òun àti eku jọ dàgbà ni, àwọn kò sì bára àwọn jà rí.

Èmi kò lè bá wọn ṣọ̀rẹ́ o. Ọmọbìnrin mi wà nínú oyún oṣù keje, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń bọ̀ wá bímọ sí. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ṣàlàyé fún wa pé kòkòrò ibà burúkú kan máa ń wà nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku. Bó bá kan oúnjẹ, tàbí téèyàn gbá a ní gbígbẹ tí eruku rẹ̀ sọ, ó lè wọ ara. Ó ní ibà náà kì í ṣàánú aláboyún rárá.

Mo ti ṣírò rẹ̀. Pákó tí yóò gbé àpò kúrò nílẹ̀, garawa onídèérí fún ìdọ̀tí, àti sìmẹ́ǹtì tí a ó fi dí ihò ògiri, àpapọ̀ wọn kò tó owó ọjọ́ kan lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Bàbá Onílé náà mọ ìṣirò. Ẹni tí yóò fi dandan mú un ló kù.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ rán wọn wá kí ọmọ mi tó dé. Kí wọ́n ṣí ọ̀rá. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn wa. Gbogbo lẹ́tà tó bá wọ ilé yìí, ọwọ́ Bàbá Onílé ló kọ́kọ́ ń bọ́ sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fèsì èyí. Ẹ ṣáà máa bọ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín tó ń retí yín,
Màmá Abẹ́rẹ́,
Aránṣọ àti Ayálégbé Yàrá Kẹta.