Alhaji Bùsàrí Ọláyọdé (1945–2021), Ọ̀rẹ́ Àwọn Kòkòrò Tíntìntín

Ìlú Ìwó, ní agboolé Ọláyọdé, ni wọ́n bí Alhaji Bùsàrí Ọláyọdé sí lọ́jọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin ọdún 1945. Àgbẹ̀ ni bàbá wọn, Ráímì. Ìyá wọn, Fàúsátù, ń ta ẹja gbígbẹ. Bàbá wa Bùsàrí kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ tí wọ́n fi rí i nídìí apẹ̀rẹ̀ ẹja pé eruku ń rìn. Ìyá wọn da eruku náà nù, ṣùgbọ́n Bàbá lóṣòó tì í títí oòrùn fi wọ̀.

Wọ́n kàwé títí wọ́n fi gboyè yunifásítì nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹranko lọ́dún 1970. Ní 1973, wọ́n fẹ́ màmá wa, Suliat Àríkẹ́, tí ó gbà láti fẹ́ ọkùnrin tí ń kó eruku ilé onílé sínú ìgò. Olùkọ́ yunifásítì ni wọ́n títí di 2005. Iṣẹ́ wọn dá lórí kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, ìbátan eégbọn, tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí.

Lọ́dún 1991, wọ́n gba òpópónà márosẹ̀ lọ ra ẹja ní Ẹlẹ́kọ létí òkun, wọ́n sì rí irú kòkòrò yìí kan nínú eruku apẹ̀rẹ̀, èyí tí kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n mọ̀. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n fi Àríkẹ́ sínú orúkọ náà. Màmá ní góòlù ni ọkọ ẹlòmíràn ń rà.

Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìntì, wọ́n kó wá sí Abraham Adésànyà Estate, lójú òpópónà Ẹlẹ́kọ kan náà. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹgbẹ́ onílé kò sì lè gbàgbé ìpàdé tí Bàbá ti ṣàlàyé iye kòkòrò tí ń gbé inú ibùsùn kan. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn onílé fi sá fóòmù sóòrùn káàkiri àdúgbò.

Lọ́dún 2009 tí ìjọba ń fẹ òpópónà náà, tí ìrìn àjò di wàhálà, Bàbá jókòó ti kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń yẹ àwọn àkójọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì wò, níbi tí àwọn onímọ̀ ń to orúkọ ẹ̀dá gbogbo àgbáyé sí. Orúkọ àwọn kòkòrò yìí níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Bàbá ń kà wọ́n láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè; wọn a ní ibi tí orúkọ kò bá pọ̀ sí, kì í ṣe kòkòrò ni kò sí, ẹni tí yóò wò ó ni kò sí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé onímọ̀ kan ní Íńdíà ti sọ kòkòrò Ẹlẹ́kọ yìí lórúkọ láti 1912. Òfin àwọn onímọ̀ sì ni pé orúkọ tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò dúró.

Ẹlòmíràn kò tíì ṣàkíyèsí pé kòkòrò kan ṣoṣo ló ni orúkọ méjèèjì. Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá kò fi jẹun dáadáa, nítorí ọwọ́ ara wọn ni wọn yóò fi yọ orúkọ ìyàwó wọn. Nígbà tí wọ́n sọ fún Màmá, ẹ̀rín ni Màmá rín: “Bàbá Hakeem, ẹ kọ lẹ́tà yín jàre. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé. Mi ò ní bá ìyálé mi fa nǹkan.” Bàbá kọ̀wé náà sí àwọn tó ń tọ́jú àkójọ. Inú wa dùn sí wọn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí wọ́n di ọ̀jọ̀gbọ́n lọ.

Bàbá papòdà lọ́jọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 2021. Wọ́n fi Màmá sáyé, àti àwa ọmọ wọn, Hakeem, Fúnláyọ̀ àti Ọlábùnmí, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹta, Màmá ní kí Hakeem ṣí àkójọ náà fún àwọn. A ti rò pé orúkọ náà ti parẹ́. Àṣé wọn kì í pa orúkọ rẹ́ níbẹ̀. Abẹ́ àgbà rẹ̀ ni wọ́n ń tò ó sí. Ìyálé wà lókè, Àríkẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀: Ẹlẹ́kọ, Ọláyọdé, 1991. Màmá fọwọ́ kan ojú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní, “Bàbá Hakeem, mo rí i.”

Bàbá wa, ẹ sinmi nínú Àlùjánnà. Kí Ọlọ́hun, tí Ó mọ orúkọ gbogbo ohun tí ojú kò rí, pe tiyín sí rere.