Àwo Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Méjì

Àkúrẹ́, ọjọ́ Ẹtì



Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni mo gé sí àwo méjì fún ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì. Mo fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan kó má baà dúdú. Mo kán kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ kátẹ́kọ́ọ̀lù sí èkejì, kí àwọn ọmọ lè rí bí ẹ́ńsáìmù, èròjà kan tó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣe ń sọ ọ́ di dúdú. Kátẹ́kọ́ọ̀lù ọ́ksídéèsì là ń pe ẹ́ńsáìmù náà. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí ló wà nínú orúkọ rẹ̀, bí a ṣe ń pe ẹni tó ń pa ẹja ní apẹja.

Òjò ń jò wọ yàrá kẹ́mísírì, ni mo bá gbé àwo méjèèjì sórí tábìlì àwọn olùkọ́. Látìgbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n, ti dé, àwo oúnjẹ tí a kò bá dé lórí tábìlì yẹn, ti gbogbo wa ni. Mo gbàgbé àṣà yẹn pátápátá.

Nígbà tí mo padà dé, àwo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò dúdú ti ṣófo. Ìyá Fọlá, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Bíbélì, mú èyí tó dúdú lọ́wọ́, ó fẹ́ fi sẹ́nu. Mo gbá a dànù.

“Ẹ má bínú, Tíṣà! Mo ti di èyí tó dáa fún Fọlá. Èyí tó bàjẹ́ ni mo ní kí n jẹ.”

“Májèlé ni!”



Mo ti rò pé kò sẹ́ni tí yóò fẹnu kan ohun tó dúdú bẹ́ẹ̀. Mi ò ronú kan ìyá.