Apá Tuntun fún Ìyá Arúgbó

Ọjọ́ Ajé, 5 Júùnù 1995

Apá Ìyá Arúgbó tún ti ṣẹ́. Ìyá Arúgbó ni mo ń pe jíìpù ilé ìgbẹ̀bí ìjọ wa. Òun nìkan ló lè wọ ọ̀nà káńpù àwọn olóko kòkó lásìkò òjò, òun náà ló sì ń fi wá sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ ni, irin tó so táyà iwájú mọ́ ara ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní lówà-áàmù. Kò sí tuntun rẹ̀ ní gbogbo Oǹdó. Iye tí wọ́n ń tà á ní Èkó, ká má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ la fi rìn wálé. Gbémiga dẹ́rẹ́bà ń bẹ̀ mí ní gbogbo ọ̀nà, bí ẹni pé èmi ni apá tó ṣẹ́. Oníwàdùwàdù ọmọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní Farabalẹ̀.

Oyèbọ́lá ni mò ń rò. Ìyàwó Adélaní, ní Káńpù Ọláwuyì. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ojú ọ̀nà yìí, nínú jíìpù yìí, ni ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kú sí i nínú. Apá ṣẹ́, a jókòó sínú igbó, kò sẹ́ni tó gbọ́ wa. Abẹ ni wọ́n fi gbé òkú ọmọ náà jáde. Dókítà ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ bímọ sóko mọ́ láéláé, abẹ náà ni wọn yóò fi gbẹ̀bí oyún tó wà nínú rẹ̀ báyìí. Ìbẹ̀rẹ̀ Jùláì ni oṣù rẹ̀ yóò pé. Mo ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ìyá ọkọ rẹ̀ rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, kò rí ẹni fi í sílẹ̀ fún. Bí jíìpù kò bá rìn, n kò mọ ohun tí a ó ṣe.

Ọjọ́rú, 7 Júùnù

Àkúrẹ́. Mo di apá náà sínú àpò ìrẹsì, mo gbé e lé ẹsẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí pé kí ló wúwo tó báyìí. Mo ní apá ni. Aṣọ nọ́ọ̀sì ló wà lọ́rùn mi. Ó dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó lọ jókòó sẹ́yìn. N kò là á yé e.

Bọ́lánlé, ọ̀rẹ́ mi láti ilé ìwé nọ́ọ̀sì, ló júwe ẹnì kan fún mi ní àdúgbò Ìsìkàn. Akíntóyè. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀kọ́ ọkọ̀ ló ń kọ́ wọn. Owó oṣù wọn ti wọgbó, ló bá ń fi ìrọ̀lẹ́ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ẹ̀yìn ilé. Gbọọrọ, ohùn jẹ́jẹ́. Ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé: “uṣẹ́” ni iṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀, “ulé” ni ilé.

Ó fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tí irin ti ṣẹ́, bí èmi náà ṣe ń tọ ikùn aboyún. Ó bi mí pé ta ni ń jókòó síbo nínú ọkọ̀. Mo ní àwọn kan kì í jókòó, wọ́n ń dùbúlẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní òun á ṣe é. “Ẹ rọra máa lọ, Sístà.” Ẹ rọra, ẹ rọra — kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Ọ̀gbẹ́ni Ẹ-rọra.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Júùnù

Òjò. Kò sí epo bẹntiróòlù nílùú. Kò sí ìròyìn láti Àkúrẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 12 Júùnù

Ó gbé e wá fúnra rẹ̀. Apá méjì, tọ̀tún tòsì, tó ki bí itan. Irin lórí irin. Ohun tí gbogbo wẹ́dà ń ṣe látìgbà tí nǹkan ti le náà nìyẹn: ohun tó bá ṣẹ́, fi irin kún un, torí kò ní sí owó láti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Farabalẹ̀ gbá a ní ìkúùkù, ó ní, “Mà, èyí ò lè ṣẹ́ àfi táyé bá kọ́kọ́ ṣẹ́.” Mo gúnyán fún Ọ̀gbẹ́ni Ẹ-rọra. Ó jẹ ẹ́ bí ẹni tí ojú rẹ̀ kò rí iyán látìgbà ọdún Kérésì. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ọjọ́bọ̀, 15 Júùnù

Apá kò ṣẹ́ lóòótọ́. Ara ọkọ̀ ló ya. A gbá gbòǹgbò kan létí odò, apá le gan-an, kò tẹ̀, ó kọjú agbára náà sí ibi tí wọ́n so ó mọ́, ó sì fa ṣáásí ya bí ìwé. Ó sàn kí apá ṣẹ́. Apá ṣeé rọ́pò, ṣùgbọ́n ṣáásí ni egungun ẹ̀yìn Ìyá Arúgbó. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Mo ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo rán kò dáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Júùnù

Ó dé kí n tó gbálẹ̀ tán. Mo ti to èébú sẹ́nu dè é. Ó kí wa, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní, “Uṣẹ́ mi ló bà á jẹ́. Mo ṣe apá tí kò ní ṣẹ́. N kò bi ara mi pé bí kò bá ṣẹ́, kí ni yóò ṣẹ́ dípò rẹ̀.” Níwájú Farabalẹ̀, níwájú pásítọ̀, níwájú àwọn aboyún tó wá gbàtọ́jú. Gbogbo èébú mi di omi. Mo mọ àwọn ọ̀gá tí wọn ì bá ti di ẹ̀bi náà lé dẹ́rẹ́bà lórí.

Ó lẹ ibi tó ya, ó ní títí òun yóò fi padà wá ni. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ rí ọ̀nà náà, àti pé òun fẹ́ dùbúlẹ̀ síbi tí àwọn obìnrin ń dùbúlẹ̀ sí. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó tẹ́ ẹní sẹ́yìn ọkọ̀, ó sùn, ó gbé àpò gàrí kékeré lé ikùn. Mo rẹ́rìn-ín, omijé bọ́ lójú mi.

A kò tíì dé odò tó fi bì. Ó nu ẹnu, ó ní kí Farabalẹ̀ máa wakọ̀ bó ṣe ń wà á tẹ́lẹ̀. Ó tún bì. Nígbà tí a padà dé, ó jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. “Báyìí lẹ ṣe ń gbé wọn, Sístà?” Mo ní báyìí ni. Ó ní irin nìkan ni òun ń rò, òun kò ro ẹni tó sùn lé e. Ẹ̀rín mi ti tán nígbà yẹn. Láti ọdún tí mo ti ń gbẹ̀bí lọ́nà yìí, èmi fúnra mi kò sùn sẹ́yìn ọkọ̀ náà rí.

Ọjọ́ Àìkú, 18 Júùnù

Pásítọ̀ wàásù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ó ń wo jíìpù láti ojú fèrèsé bó ti ń sọ ọ́. Gbogbo ìjọ bá a wo jíìpù.

Ọjọ́bọ̀, 22 Júùnù

Adélaní wá sílùú. Ó ní orí ọmọ ti wà nísàlẹ̀, ìyàwó òun kì í sì í sùn mọ́, ọ̀nà yẹn ló ń rò. Ó bi mí bóyá ọkọ̀ ti dára. Mo ní ó ti dára. Irọ́ ni mo pa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Júùnù

Ọ̀gbẹ́ni Ẹ-rọra dé. Mo ń retí irin tó tún nípọn ju ti ìṣáájú lọ. Nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé jáde, páìpù tó gé lára òpó tánkì omi àtijọ́ kan. Ó rẹwà. N kò mọ̀ pé mo lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa irin.

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ibi tó ya lára ọkọ̀, ó gé e kúrò pátápátá, ó ṣe ojú ìsopọ̀ mìíràn sí inú díẹ̀, kí apá lè gùn, kí táyà lè máa gòkè kó máa sọ̀ láì gbé ara ọkọ̀ jó. Ó tẹ ikùn apá náà sókè kí kùkùté má baà gbá a. Ibì kan sì wà tó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó fẹ́lẹ́, ó fi ọ̀dà funfun sàmì síbẹ̀. Ó ní bí nǹkan kan bá máa tẹ̀, ibẹ̀ ni kó ti tẹ̀, kí ṣáásí lè yè, kí ọkọ̀ lè rọra wọ́ ara rẹ̀ délé. Farabalẹ̀ ní ṣé èèyàn tún ń ṣe nǹkan kó lè bàjẹ́ ni. Ó ní rárá, òun ń yan ibi tí yóò bàjẹ́ sí ni. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti àárọ̀.

Ó ki bóòtù bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò tíì fún wọn le. Ó ní bí gbogbo mẹkáníìkì ṣe ń fún un nígbà tí táyà ṣì ń rọ̀ lórí jáàkì, rọ́bà inú apá náà á ti lọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra, kì í sì í pẹ́ ya. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, pẹ̀lú ẹrù tó ń gbé lójoojúmọ́. Ló bá ní ká wọlé. Farabalẹ̀ nídìí ọkọ̀, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pásítọ̀ àti ìyá tó ń se oúnjẹ wà lẹ́yìn, aboyún oṣù mẹ́jọ kan sì dùbúlẹ̀ láàárín wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. A jókòó bí ẹni tó ń lọ òde ìyàwó, ọkọ̀ kò lọ síbì kan. Ọ̀gbẹ́ni Ẹ-rọra wà lábẹ́ wa, ó ń fún bóòtù. Ó ní kí pásítọ̀ má mira. Pásítọ̀ kò mira. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Lónìí, àgbájọ ìdí ni.

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí bí ẹni fẹ́ràn ọmọ ìyá rẹ̀. Kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 28 Júùnù

A lọ dé odò, a padà. Èmi ni mo sùn sẹ́yìn. N kò bì.

Ọjọ́ Ajé, 3 Jùláì

Àbúrò Adélaní gun ọ̀kadà wá láàárọ̀: ìrọbí ti ń mú Oyèbọ́lá. A lọ. A gbé e, ọkọ rẹ̀ jókòó tì í lẹ́yìn. Òjò bẹ̀rẹ̀. Létí odò, táyà ọ̀tún jìn sí kòtò tí omi bò mọ́lẹ̀, mo gbọ́ ìró kan lábẹ́ ọkọ̀ — hùn-ún. Mo bọ́ sílẹ̀. Táyà ti dagun sínú. Apá ti tẹ̀ bí ìgúnpá, níbi ọ̀dà funfun gan-an. Mo fi ọwọ́ wá ṣáásí nínú omi. Kò ya.

Farabalẹ̀ fẹ́ sunkún. Mo ní bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, máa wakọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó fara balẹ̀. Mo rìn níwájú wọn nínú ẹrẹ̀, mò ń nàka síbi tí táyà máa gbà. Mo ti sọ fún Adélaní pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ kó pariwo. Kò pariwo. Ẹ̀yìn mi dákẹ́ rọ́rọ́. Lọ́dún méjì sẹ́yìn náà, bó ṣe dákẹ́ nìyẹn. N kò lè wẹ̀yìn. Mo ń rìn, mò ń gbàdúrà, ọ̀nà kò tán.

A dé ọsibítù. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n gbé e wọlé tààrà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Jùláì

Obìnrin. Ó kígbe kí wọ́n tó gbé e jáde tán. Ìyá yè.

Ọ̀gbẹ́ni Ẹ-rọra gbọ́, ó wọ bọ́ọ̀sì wá láti Àkúrẹ́. Abẹ́ Ìyá Arúgbó ló kọ́kọ́ lọ. Ó fọwọ́ wá ṣáásí láti òpin dé òpin, ó sì jáde. Ó ní ṣé òun lè bi ìyá ọmọ ní ìbéèrè. Mo mú un wọlé. Ó kí Oyèbọ́lá kú ewu, ó wá bi í pé níbo lójú ọ̀nà ni ìnira ti pọ̀ jù, kí òun lè tún ibẹ̀ ṣe.

Oyèbọ́lá wo ọkọ rẹ̀. Ojú ń tì í. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. N ò mọ̀. Láti odò ni mo ti sùn lọ.”

Akíntóyè kọjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì. Adélaní fẹ́ dìde lọ bá a, mo dì í lọ́wọ́ mú. A jẹ́ kó sunkún tán. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ rẹ̀, tó dúdú fún gíríìsì, ó sì bi mí níbo ni omi wà, kí òun fọwọ́, kí òun lè gbé ọmọ.