Aláǹgbá Tó Ń Gbà fún Màmá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀gá àgbà àwọn aṣọ́bodè ti kéde lórí rédíò pé èèrà kan ò lè wọ ìlú yìí kí òun má mọ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún mi ti ń gbọ́ oògùn. Òrùlé yàrá rẹ ló ṣì ń jò. Màmá wa le koko. Aláǹgbá ńlá aláwọ̀ ewé tí o gbé bọ̀ láti òkè òkun ń yáàrùn lójú fèrèsé wọn. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀, á máa mi orí. Wọ́n ní, "Òun nìkan ló ń gbà fún mi nínú ilé yìí."

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé: òfin ò gbà ká sin irú ẹran bẹ́ẹ̀ láìgbàṣẹ, ẹnìkan sì ti ta ìjọba lólobó. Ọmọlúàbí ni obìnrin tí wọ́n rán wá. Ó ní bí ẹni tó gbé e wọlé bá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ kóṣù tó parí, wọn ò ní fìyà jẹ ẹ́, Màmá á sì rí àṣẹ gbà. Àìjẹ́bẹ́ẹ̀, wọn á gbé aláǹgbá náà lọ.

Jọ̀wọ́, pe obìnrin náà lórí fóònù. Má tún sọ pé ohun ìṣeré ọmọdé ni, bí o ṣe sọ fún ọ̀gá àgbà yẹn nígbà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣí àpótí rẹ. Ọ̀nà rẹ á là, yóò dára.

Ṣùgbọ́n nígbà tí aláǹgbá náà mi orí sí ọ̀gá àgbà yẹn látinú àpótí, ṣé àwọn náà ò mi orí padà?

Ẹ̀gbọ́n rẹ, Tíṣà