Ìgbésí Ayé Màmá Sabina Adéjìmí, Ìyá Olóbòkún Etí Ọ̀sà (1961–2024)

Ní ọdún 1961, ní Ìgbókọ̀dá, ni a bí Màmá Sabina sínú ìdílé Olóògbé Jeremáyà Ayétán, apẹja, àti Rebecca aya rẹ̀. Màmá ka ìwé mẹ́fà kí wọ́n tó bá ẹ̀gbọ́n wọn wá sí àdúgbò Ìlàjẹ, létí ọ̀sà ní Bàrígà. Ibẹ̀ ni Bàbá Adéjìmí ti gbé wọn níyàwó lọ́dún 1984, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ta òbòkún. Nídìí ẹja tàbí láàrin akọrin ìjọ aládùúrà wọn, ohùn wọn la máa ń gbọ́ ká tó rí wọn.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ahọ́n wọn wúwo, wọn kò lè pe orúkọ ọmọ wọn mọ́. Dókítà ní kókó jẹjẹrẹ ló wà nínú ọpọlọ. Ó ní kókó náà ń ránṣẹ́ sí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ pé kí wọ́n hù wá bọ́ òun, iṣan náà sì ní ohun tó dà bí etí tí wọ́n fi ń gba iṣẹ́ ọ̀hún. Wọ́n wá ń fa oògùn kan sí Màmá lára, tó ń dá iṣẹ́ náà dúró lọ́nà. Ohùn padà. A jó! Ṣùgbọ́n dókítà kìlọ̀ pé irú iṣẹ́ kan náà ni egbò ń rán kó tó lè jiná, oògùn yìí yóò sì dá tiẹ̀ náà dúró, nítorí náà Màmá kò gbọdọ̀ fara gbọgbẹ́.

Lásìkò yìí, Olúwafimíhàn, àbíkẹ́yìn wọn, wà nínú oyún àkọ́kọ́. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá ń bẹ Ọlọ́run fún: kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọmọ náà lórúkọ. Orúkọ ti wà lọ́kàn wọn. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ ọ́ fún wa. Wọ́n ní, “Ta ní ń sọ ọmọ inú ikùn lórúkọ? Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre.”

Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n rí i tí ìyàwó Wonder, àkọ́bí wọn, ń di òbòkún mú lódì. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n sì gba ẹja náà. Ẹ̀gún rẹ̀ gún wọn ní àtàǹpàkò. Egbò kékeré yìí kọ̀, kò san, ó ń ṣọyún, wọ́n sì ní láti dá oògùn dúró. Inú ń bí wa sí ẹja, inú ń bí wa sí ìyàwó Wonder tí kò ṣẹ̀ wá. Ojoojúmọ́ la ń wo ọwọ́, tí à ń fetí sí ẹnu. Bí ọwọ́ ṣe ń san ni ọ̀rọ̀ ń dín kù.

Egbò náà jiná ní ọ̀sẹ̀ tí Olúwafimíhàn bímọ. Wọ́n tún fa oògùn náà, kókó kò gbọ́ mọ́. Lọ́jọ́ ìkómọ, a gbé ọmọbìnrin náà lé Màmá lẹ́sẹ̀. Ètè wọn ń mì, kò sí ohùn. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá, wọ́n dágbére fáyé.

Bàbá Adéjìmí gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, Wonder, Ọlámilékan àti Olúwafimíhàn, àti ọmọ-ọmọ mẹ́rin. Èyí tó kéré jù ń jẹ́ orúkọ tí àwa yàn fún un. Èyí tí Màmá ní fún un, a kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ sùn re, Màmá. Ẹ máa fi orúkọ yẹn súre fún un níbi tí ẹ wà.